Ìpínrọ̀ Kẹrin àti Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Wa

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ òpópónà márosẹ̀ tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ajah, eruku pupa la máa ń fọ̀ kúrò létí kí a tó jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí lè rò pé bí títì náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé nìyẹn. Rárá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọ̀n àti okùn apẹja, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Ebúté-Ẹdé, abúlé tiwa tó wà létí ọ̀sà, sọdá sí Òde-Àgbọn tó wà ní ìhà òkun, kí ó tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán. Ọjà àti ilé ìwòsàn wà lọ́dọ̀ tiwọn, ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́dọ̀ tiwa. A ń fẹ́ ọmọ ara wa, a sì ń bá ara wa jà lórí ilẹ̀, bí aládùúgbò ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí títì fẹ̀ tán, wọ́n mọ ògiri kọ̀ǹkéré sí àárín rẹ̀. Ọkọ̀ wá ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá gbọ́dọ̀ sá dé àárín, kí ó gun ògiri, kí ó sì tún sá. Sídíkà ìyàwó mi, ìyá Kúbúrà ọmọ wa, ń ṣe é láràárọ̀ pẹ̀lú bàsíà ẹja lórí. Á gbé bàsíà lé orí ògiri, á gun ògiri tẹ̀lé e, á sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì, á tún gbé e rù. Bó bá ti jáde nílé, ọkàn mi kì í sí nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe títí màá fi gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí ògiri yìí náà ni ọkọ̀ ti gbá Ìyá Bàṣírù, tí wọ́n jọ ń tajà. Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ fi aṣọ rẹ̀ bò ó kí a tó dé. Ìyá Bàṣírù kò dìde mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kí n sọ bí a ṣe jà fún afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n bá lójú títì. Mo mọ̀ pé ìtàn ìwọ́de ni wọ́n ń retí. Màá sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n orí àga oníke ní Jakande ni mo ti ja èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tèmi.

Lẹ́yìn tí a sin Ìyá Bàṣírù, àwa abúlé méjèèjì jáde sójú títì. Ewé tútù la mú lọ́wọ́. A kọrin, a jókòó sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo la sì bèèrè: afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà sọdá. Inú mi dùn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn agbófinró dé. Wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí táyà bẹ́, èéfín tajútajú sì bo gbogbo ibẹ̀. Mo sáré, mo ṣubú, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ sì gba orí ọwọ́ òsì mi kọjá. Inú gọ́tà gbígbẹ ni mo dùbúlẹ̀ sí títí ariwo fi rọlẹ̀. Ìka méjì kán. Àwọn kan ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, bóyá òótọ́ ni, bóyá wọ́n bù mọ́ ọn. Ojú mi kún fún omi, nítorí náà ohun tó dé bá èmi nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá, màá ti máa wá ibi tí màá sá sí. Èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé méjèèjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ebúté sọ mí ní Akọ̀wé Inú-Gọ́tà. Bí mo bá ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ lànà fún akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ó rí ihò kankan, á wọ̀ ọ́." Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò rí ìkórìíra nínú rẹ̀.

Ìwọ́de náà kò kúkú lọ lásán. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ń gbé létí títì. Mo fi bírò kọ tiwa, mo gbé e lọ. Wọ́n dá a padà. Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi kò rí mi fín. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀, kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí àwọn tó jókòó lè máa tọ́ka sí i. Ó ní a lè fi Yorùbá kọ ọ́. Ó ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní pè wá.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́, ní Ẹ̀sítéètì Jakande ní Ìlàsán. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ títẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti sọ pálọ̀ wọn di ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún ará àdúgbò. Mo gbé ìwé mi kalẹ̀. Wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Mi ò ní bá yín tẹ̀ ẹ́," wọ́n ní.

Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Èmi tí ẹ̀rù ń bà, ṣé mo lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé mi.

"Ẹ jókòó. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Irú ìwé báyìí, wọ́n á ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ ó tún un ṣe, wọ́n á tún ní kí ẹ tún un ṣe. Ìwé tí ẹ kò lè ṣí fúnra yín, ẹlòmíràn ló ni ín."

Mo ní, "Àǹtí, mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ẹ sì wo ọwọ́ òsì mi."

"Mo rí i. Ọ̀tún ńkọ́?"

Ètò ìkọ̀wé tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó. Ara fu mí. Ní ìhà tiwa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kí ó tó fi táyà tẹ ojú títì. Omi, à ń rà á. Ilẹ̀ tí a sin baba wa sí, àwọn kan nínú wa ti tún un rà. Mo bi Àǹtí pé ta ni yóò wá gba owó nǹkan yìí tó bá yá.

"Èmi náà retí wọn títí," wọ́n ní. "Wọn ò wá. Ẹ tẹ̀wé yín."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àárín ló yẹ kí orí ọ̀rọ̀ wà, mo sì ń tẹ bọ́tìnnì àyè léraléra títí ó fi dé ibẹ̀, mo ń fi ojú wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn okùn. Àwọn nọ́ńbà, ọwọ́ ni mo fi ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo tún padà lọ, mo rántí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbàgbé, mo fi í sáàárín, gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ di irọ́. Mo ní kí n sọ lẹ́tà di ńlá kí ojú àgbà lè ríran, ni gbogbo orí ọ̀rọ̀ bá ṣí kúrò láàárín bí ọkọ̀ ojú omi tí okùn rẹ̀ já. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú.

"Bàbá Kúbúrà, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ ń fi ọwọ́ tì yìí o."

Wọ́n wá kọ́ mi ní ohun tí mi ò tíì gbàgbé. Wọ́n ní kí n yéé sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí. Kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un. Èyí, orí ọ̀rọ̀ ni. Èyí, ìpínrọ̀ tó ń gba nọ́ńbà ni. Sítáìlì ni wọ́n ń pe àmì tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti fi sítáìlì lé orí ọ̀rọ̀ kan, ètò náà fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di ńlá, á sì gbé e sáàárín. Bí mo bá fi ìpínrọ̀ tuntun sáàárín, àwọn tó kù á sún fún un bí àwọn tó wà lórí ẹní mọ́ṣáláṣí ṣe ń sún fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nọ́ńbà wọn á sì tún ara wọn ṣe. Mo jókòó, mo ń wò ó. Láti ìgbà tí títì yẹn ti dé, èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó gba àṣẹ lẹ́nu mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan fọn fèrè kọjá lójú ọ̀nà. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. Oníbàárà kan tó ń dúró de ìwé rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àǹtí wò ó, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

"Ṣé ẹ ti fi iṣẹ́ yín pamọ́?"

Mo ní rárá.

"Ẹ jáde wá fi í pamọ́. Jẹnẹrétọ̀ yìí lè kú nígbàkigbà."

Mo jáde, mo fi í pamọ́. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí mo fi lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Àǹtí nìkan ló fún mi ní ohun tí mo lè fi ọwọ́ ṣe nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí.

Ìwé ti fẹ́ parí kí wàhálà tó dé. Mo kà á fún àwọn àgbà. Orí kìíní jẹ́ ti Ebúté-Ẹdé, ó ní ìpínrọ̀ mẹ́ta. Orí kejì jẹ́ ti Òde-Àgbọn, òun náà ní mẹ́ta. Ohun tí a jọ ń bèèrè wà lẹ́yìn wọn. Bàbá Jósẹ́fù, olórí àwọn ará Òde-Àgbọn, tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, na ìka sókè.

"Akọ̀wé, kí ló dé tí tiwọn fi ṣáájú?"

Mo ní bó ṣe wá sí mi lọ́kàn ni.

"Ìwé tó bá ti dé iwájú ìjọba kì í kú. Lọ́la, wọ́n á gbé e dé kóòtù. Lọ́yà á ní, ẹ wò ó, àwọn ará Òde-Àgbọn fúnra wọn gbà pé Ebúté-Ẹdé ló kọ́kọ́ tẹ ibí dó."

Bàbá Lámídì, olórí tiwa, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé irọ́ ni? Nígbà tí baba ńlá yín dé, ta ló fún un níná?"

"Iná tí ẹ jí lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ni ẹ dá padà."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tó bá mọ etí òpópónà yìí á mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga lásán ló ń dà wọ́n láàmú. Ìwé pélébé ni wọ́n fi gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kan níbí. Bàbá Jósẹ́fù ní bí tiwọn kò bá ṣáájú, àwọn ò ní tẹ̀ka. Bàbá Lámídì ní bí ó bá ṣáájú, àwa ni a ò ní tẹ̀ka. Láàárín àwọn obìnrin ni Sídíkà ti dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, láàárọ̀ ọ̀la, ta ni kí ó ṣáájú gun ògiri?" Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yí ọkàn padà.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Àǹtí. Wọ́n ṣí fèrèsé tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, níbi tí gbogbo orí ọ̀rọ̀ tò sí. Wọ́n mú orí kejì, wọ́n fà á gòkè. Gbogbo ìpínrọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ, nọ́ńbà sì yí padà fúnra wọn: Òde-Àgbọn di kìíní, Ebúté-Ẹdé di kejì. A tẹ ẹ̀dà méjèèjì jáde, ọ̀kan tí tiwa ti ṣáájú, ọ̀kan tí tiwọn ti ṣáájú. Àǹtí bi mí pé èwo ni ti ìgbìmọ̀ ìjọba. Mo bi àwọn àgbà. Wọ́n ní méjèèjì ni, inú wọn sì dùn gan-an sí ọgbọ́n yìí. Gbogbo wa tẹ̀ka, a kó ẹ̀dà méjèèjì lọ fún ìgbìmọ̀ ìjọba, a sì tẹ òmíràn jáde fún ara wa: Bàbá Lámídì mú ọ̀kan tí tiwa ti ṣáájú dání, Bàbá Jósẹ́fù mú ọ̀kan tí tiwọn ti ṣáájú.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pè wá, ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọn ò ṣe nǹkan kan fún wa, wọ́n kàn dúró. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní kí Sídíkà máa wọlé, pé èmi ń bọ̀. Ó mọ̀ pé mi ò ní wá. Ó di ọwọ́ òsì mi mú, èyí tó kán.

"Bàbá Kúbúrà, bí ẹ bá fẹ́ sá, ẹ jẹ́ ká wọlé ná, ká lè jọ sá jáde."

A wọlé.

Obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni alága. Lọ́yà àwọn tó ń ṣe títì dìde, ó ní òun ní ìbéèrè lórí ìpínrọ̀ kẹrin. Ni àwọn tó jókòó nídìí tábìlì gíga bá ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, nítorí ohun tí ẹnì kan ń kà kọ́ ni ẹnì kejì ń kà. Lọ́yà gba ẹ̀dà méjèèjì, ó fi wọ́n wéra, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Alága, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú wá. Àwọn ènìyàn yìí kò tíì fẹnu kò láàárín ara wọn. Mo rọ̀ yín, ẹ dá a padà fún wọn."

Bí wọ́n bá dá a padà, ìjókòó tiwa parí nìyẹn. Àwọn abúlé tó ń dúró lẹ́yìn wa pọ̀. Mo wo Sídíkà, ohun tí mo rí ni bàsíà lórí ògiri.

Alága yíjú sí wa. Ó ní kí olórí abúlé kọ̀ọ̀kan ka ìpínrọ̀ kẹrin inú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀, kí òun lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Bàbá Jósẹ́fù dìde. Nínú ẹ̀dà tiwọn, ìpínrọ̀ tiwọn mẹ́ta ló ṣáájú, nítorí náà ìkẹrin jẹ́ ti àwa Ebúté-Ẹdé. Bóyá wọn ò rántí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn olùkọ́: pé àwọn obìnrin Ebúté-Ẹdé ń gun ògiri pẹ̀lú ẹrù lórí kí wọ́n tó dé ọjà, pé ìdí ògiri náà ni ọkọ̀ ti gbá Ìyá Bàṣírù. Ibẹ̀ ni ohùn wọn dúró sí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́. Wọ́n ṣí fìlà.

"Òótọ́ ni," wọ́n ní. "Mo wà níbẹ̀. Aṣọ mi la fi bò ó."

A ti fọ aṣọ yẹn. A ti ń wá ẹni tó ni ín láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó yọjú.

Ó kan Bàbá Lámídì. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n mọ̀ kà, nítorí náà wọ́n na ìwé sí mi. Mo dìde níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn mi lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó sí, ìyẹn ló dì mí mú. Mo kà á: pé ní Òde-Àgbọn, àwọn òbí ń fa ọmọ lọ́wọ́ sá sọdá títì kí wọ́n tó dé ilé ẹ̀kọ́, pé bí òjò bá ń rọ̀ tí ojú kò ríran, àwọn mìíràn á kúkú dá ọmọ dúró sílé.

"Òótọ́ ni," Bàbá Lámídì ní. "Èmi fúnra mi ti gbé ọmọ wọn kọjá lórí ògiri yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ebúté-Ẹdé ló wí bẹ́ẹ̀."

Alága wò wọ́n, ó wo lọ́yà. Ó ní, "Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo lè mú o, ẹ̀yin bàbá. Èwo ni kí n mú?"

"Ẹ mú èyí tí Ebúté-Ẹdé ti ṣáájú," Bàbá Jósẹ́fù ní.

"Rárá," Bàbá Lámídì ní. "Ẹ mú èyí tí Òde-Àgbọn ti ṣáájú. Kí ó má fi oore dójú tì mí láàárín ogunlọ́gọ̀."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Alága fi ọwọ́ bo ẹnu, ó mú ẹ̀dà kan, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó mú, àwọn àgbà méjèèjì kò sì bèèrè.

Afárá náà kò tètè dé. Ọ̀pọ̀ òjò rọ̀ kí wọ́n tó gbé irin wá, ṣùgbọ́n ó dé, ó sì wà níbẹ̀. Èyí la rí gbà. Èyí tí a kò rí gbà pọ̀: wọ́n ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ nígbà náà, àwọn tó pàdánù oko kò rí gbà-má-bínú tí wọ́n ṣèlérí, ìka mi méjì kò sì nà mọ́. Kò sí iná lórí afárá, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn kò sì lè lò ó. Gbèsè lèyí jẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló kù fún láti bèèrè. Ìyá Bàṣírù kò padà. Bàbá Jósẹ́fù kò gba aṣọ náà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ Ìyá Bàṣírù mú un.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kó kúrò ní Jakande lọ bá ọmọ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ tí wọ́n ṣe ètò ìkọ̀wé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mi ò tíì lè dúró láàárín èrò. Ṣùgbọ́n bí ará abúlé kan bá gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́, mo ní ìdáhùn: mi ò ní bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ jókòó.

Nígbà mìíràn ní àárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi wo Sídíkà bó ṣe ń gun afárá. Bó bá dé àárín, á sọ bàsíà kalẹ̀, á fara ti irin, á máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń dúró ṣe níbẹ̀. Ó ní òun ń sinmi ni.